Bébà Lè Sọ Ẹ̀bùn Ọmọ, Ṣùgbọ́n Ẹnu Iṣẹ́ Ló Ń Fi Í Hàn

Bí ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama bá ti parí báyìí, wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ òbí nìyẹn. Iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe? Bàbá á ní dókítà ni. Ìyá á ní lọ́yà ló wu òun, torí pé ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá á ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, kí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ wẹ́dà, owó ń bẹ níbẹ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an a máa wolẹ̀ ni, kò ní fọhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ o. Owó ló wà níbẹ̀, ọjọ́ ayé èèyàn sì wà níbẹ̀. Ẹ wo ìyá tó ń ta ata, tó kó èsúsú, tó fi san owó JAMB lẹ́ẹ̀mẹta nítorí iṣẹ́ dókítà tí ọmọ kò fẹ́, tí orí rẹ̀ kò sì gbà. Ẹ wo ọmọbìnrin tó lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ télọ̀, tí wọ́n ra ẹ̀rọ fún, tí wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún, tí gbogbo ẹbí dá aṣọ ẹgbẹ́ jọ. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹ̀rọ ìránṣọ ti di ohun tí wọ́n ń sá aṣọ lé. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi í sí ni kò bá a mu.

Nítorí irú èyí ni àwọn kan ṣe ń gbé bébà ìdánwò kiri. Wọ́n á ní kí ọmọ fi àmì sí ìbéèrè bí ogójì tàbí ọgọ́rùn-ún, wọn yóò sì sọ irú èèyàn tó jẹ́ àti iṣẹ́ tó yẹ ẹ́. Àwọn ilé ìwé kan ń ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fún ẹni tó wá iṣẹ́ wá. Ó wà lórí fóònù pẹ̀lú, àwọn kan sì ń gbowó lé e. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọgbọ́n àtigbowó lásán? Òótọ́ wà níbẹ̀, àṣìṣe náà sì wà níbẹ̀. Òbí tó bá mọ èwo ni èwo, owó rẹ̀ kò ní bómi lọ.

ÀWỌN BÀBÁ WA NÁÀ Ń YẸ ỌMỌ WÒ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa láti máa bi ara wa pé kí ni ọmọ yóò dà. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá bí ọmọ tuntun, wọ́n a máa lọ sọ́dọ̀ babaláwo fún àkọsẹ̀jayé, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí ọmọ bá wá sáyé, èèwọ̀ rẹ̀ àti iṣẹ́ tí yóò gbè é. Orúkọ ìdílé náà a máa sọ̀rọ̀. Ẹ bá gbọ́ Àyàndélé, ẹ mọ̀ pé ilé onílù ni. Ẹ bá gbọ́ Ọdẹ́wálé, ẹ mọ̀ pé ọdẹ ni bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ tó bá ń fi pákó gbẹ́ mọ́tò, tó ń tú rédíò bàbá rẹ̀ kó lè rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó nílò bébà kó tó mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ.

Iṣẹ́ tó wà nílùú nígbà náà ṣeé kà lórí ìka: àgbẹ̀, ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, onílù, oníṣòwò, onídìrí. Lónìí, iṣẹ́ ti pọ̀ ju irun orí lọ. Àwọn ọmọ ń tún fóònù ṣe, wọ́n ń gbé sólà sórí òrùlé, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé. Bàbá wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdánwò gbà wọlé.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀ NÍ BOSTON

Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni ètò amọ̀nà iṣẹ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ wọ ìlú ńlá láti oko àti láti òkè òkun. Ilé iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ pè wọ́n ni wọ́n ń bá lọ. Bí ọdún méjì bá kọjá, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọkùnrin kan, Frank Parsons, tó ti ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà, tó ti ṣe tísà, tó sì ti ṣe lọ́yà, dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní 1908 láti máa gba irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn. Ọdún náà gan-an ló kú, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1909.

Ohun mẹ́ta ni Parsons ní kí ọ̀dọ́ ṣe. Kó mọ ara rẹ̀: ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe, ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kó mọ iṣẹ́ náà: ohun tó ń gbà, owó tó wà níbẹ̀, ìyà tó wà níbẹ̀. Kó wá fi méjèèjì wéra pẹ̀lú làákàyè. Parsons kò sì gbà pé kí ẹnikẹ́ni yan iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó ní ẹni tó ni ayé rẹ̀ ni yóò yàn án.

Ẹ kíyè sí i. Nínú ohun mẹ́ta yìí, ti àkọ́kọ́ nìkan ni bébà ìdánwò lè ràn yín lọ́wọ́ lé lórí. Kò lè sọ fún yín pé kápẹ́ńtà ti pọ̀ jù ládùúgbò yín. Kò lè sọ fún yín iye tí ẹ̀rọ ìlọta ń gbé mì. Ìyẹn, ẹsẹ̀ àti ẹnu yín ni yóò wádìí rẹ̀.

IRÚ MẸ́TA NI WỌ́N

Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìdánwò iṣẹ́ kò rí bákan náà. Irú mẹ́ta ni wọ́n, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n pọ̀ tà fún yín.

Èyí àkọ́kọ́ ni ìdánwò ẹ̀bùn. Ó ń wo ohun tó rọrùn fún ọmọ láti kọ́. Wọ́n lè ya àwòrán jíà méjì tí eyín wọn wọnú ara, kí wọ́n ní bí ti àkọ́kọ́ bá yí sọ́tùn-ún, síbo ni èkejì yóò yí? Ọmọ mẹkáníìkì yóò ní sósì, kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lè ya páálí tí wọ́n tú palẹ̀, kí wọ́n ní bí a bá ká a pọ̀, irú àpótí wo ni yóò dà? Télọ̀ tó ń gé aṣọ sílẹ̀ láìlo pátánù, tó ti rí bùbá lójú ọkàn kó tó mú sísọ́ọ̀sì, ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìdánwò ìṣirò àti ti ìyára ọwọ́ wà lábẹ́ irú yìí pẹ̀lú.

Èkejì ni ìdánwò ohun tí ọkàn fẹ́. Edward Strong, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Stanford, gbé tirẹ̀ jáde ní 1927. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó bi àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn, ó wá fi ti ọ̀dọ́ wé tiwọn. Bí ohun tí ọmọ fẹ́ràn bá jọ ti àwọn ẹnjiníà, a jẹ́ pé ara rẹ̀ lè balẹ̀ láàrin wọn. Ẹ má gbàgbé pé ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùn o. Ọmọ lè fẹ́ràn orin bí nǹkan míì kí ohùn rẹ̀ máa lé àwọn èèyàn jáde.

Ẹ̀kẹta ni ìdánwò ìwà: ṣé ẹni tó fẹ́ràn ọ̀pọ̀ èrò ni tàbí ẹni tó fẹ́ dá wà, ṣé ẹni tó ń tò nǹkan létòlétò ni tàbí ẹni tó ń ṣe é bó ṣe bá a. Irú yìí ló gbayì jù lọ, òun náà sì ni ẹ ó ṣọ́ra fún jù lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ọ̀NÀ MẸ́FÀ TÍ HOLLAND LÀ SÍLẸ̀

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún mẹ̀kúnnù ni John Holland, ọmọ Amẹ́ríkà, tó kọ ọ́ jáde ní 1959 pé a lè pín èèyàn àti iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́fà. Ẹ fi í wo àwọn tó wà lọ́jà yín.

Ìkíní ni àwọn tó fẹ́ fi ọwọ́ kan nǹkan: mẹkáníìkì, kápẹ́ńtà, bíríkìlà, àgbẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó ti tábìlì lásán, àìsàn ló ń ṣe wọ́n. Ìkejì ni àwọn tó ń béèrè ìdí abájọ: dókítà, apòògùn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìkẹta ni àwọn ọlọ́nà: aládìrẹ, agbẹ́gilére, onílù, télọ̀ tó ń dá sítáìlì tirẹ̀. Ìkẹrin ni àwọn tí ọ̀rọ̀ èèyàn ń ká lára: tísà, nọ́ọ̀sì. Ìkarùn-ún ni àwọn tó mọ bí a ti ń yí èèyàn lọ́kàn padà, tí wọ́n sì lè kó èèyàn jọ: oníṣòwò, ìyálọ́jà, olóṣèlú. Ìkẹfà ni àwọn tí kì í fẹ́ kí nǹkan ṣì: akọ̀wé owó, òṣìṣẹ́ báńkì, ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀.

Holland kò sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni èèyàn ń jẹ́ o. Méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń dà pọ̀ lára ẹnì kan. Obìnrin tó ń pa aró, tó ń tà á, tó tún ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá, ẹ rí i pé ọlọ́nà ni, oníṣòwò ni, tísà sì ni. Bí ọmọ bá gba ìkẹta àti ìkarùn-ún nínú ìdánwò, kì í ṣe iṣẹ́ kan ni bébà sọ. Àdúgbò kan ló tọ́ka sí, iṣẹ́ tó wà nínú àdúgbò náà sì pọ̀.

NÍGBÀ TÍ ÌDÁNWÒ ṢI ÈÈYÀN WÒ

Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá ti fi ìdánwò ba ọ̀pọ̀ èèyàn lórúkọ jẹ́. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, wọ́n fẹ́ yára mọ ẹni tí wọn yóò fi ṣe ọ̀gá àti ẹni tí yóò máa gbẹ́ kòtò. Sójà tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni wọ́n fún ní ìdánwò. Èyí tó wà fún ẹni tó mọ̀wé ń jẹ́ Alpha. Èyí tó wà fún ẹni tí kò mọ̀wé ń jẹ́ Beta, àwòrán ló sì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ya pápá tẹníìsì tí kò ní àwọ̀n, wọ́n ní kí sójà ya ohun tó kù níbẹ̀. Wọ́n ya ilé tí kò ní ihò èéfín lórí, wọ́n ní kó parí rẹ̀. Sójà kan tó wá láti erékùṣù Sicily ní Ítálì ya àgbélébùú sórí òrùlé náà, nítorí pé ohun tó ń wà lórí ilé níbi tí wọ́n bí i sí nìyẹn. Wọ́n ní kò gbà á. Ṣé ọpọlọ ni ọkùnrin yìí kò ní, àbí ìbéèrè ni kò mọ ilé rẹ̀?

Ní 1923, ọ̀mọ̀wé kan, Carl Brigham, gbé ìwé jáde lórí àbájáde ìdánwò sójà náà. Ó ní àwọn ẹ̀yà kan gbọ́n ju àwọn kan lọ. Ní 1930, òun fúnra rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó gbà pé àfiwé náà kò ní ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti fi í fojú tín-ín-rín, ta ni yóò san tiwọn?

Àwọn obìnrin náà jẹ nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bébà ìdánwò Strong ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Ti ọkùnrin jẹ́ búlúù, ti obìnrin jẹ́ píǹkì, iṣẹ́ tí wọ́n sì kọ sínú wọn kò dọ́gba. Ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ ẹ̀rọ, ta ni yóò sọ fún un, nígbà tí iṣẹ́ náà kò sí nínú bébà tí wọ́n fún un? Ọdún 1974 ni wọ́n tó pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọmọ yín bá gba màákì kékeré nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí ẹ má tíì pè é ní olódo. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Ọmọ tó ń fi Yorùbá ṣírò owó ata láìlo bírò lè fìdí rẹmi nínú ìṣirò tí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì líle dì bí mọ́ínmọ́ín.

NÍ ILẸ̀ TIWA ŃKỌ́?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Paul Schwarz, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣètò ìdánwò ẹ̀bùn fún Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé kò yẹ kí wọ́n kàn ju bébà síwájú ọmọ tí kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn, wọ́n á fi hàn án lójúkojú, kí wọ́n tó ní kó bẹ̀rẹ̀.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n C. G. M. Bakare ṣe ìdánwò tirẹ̀ ní 1977 lórí iṣẹ́ tí ọkàn ọmọ ilé ìwé fẹ́, ti ọmọ Nàìjíríà gan-an. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1976, ni àwọn olùdámọ̀ràn dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé jáde ní 1977 sọ pé kí olùdámọ̀ràn wà ní ilé ìwé. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982, èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ti ṣe ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, kí wọ́n wo ẹ̀bùn rẹ̀ àti ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ẹni tó yẹ kó máa bá ìwé lọ, kó máa lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló rí olùdámọ̀ràn gbà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n sì rà fún iṣẹ́ ọwọ́ nígbà náà jókòó sínú páálí wọn títí tí ìpẹtà fi mú wọn.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú gbogbo èyí, ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn. Ní 1959, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ St. Theresa's College rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde kò mọ iṣẹ́ tó wà níta. Wọ́n kó àwọn èèyàn tó wà lẹ́nu oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Àkọsílẹ̀ sọ pé nínú ọmọ 60 tó jáde lọ́dún náà, 54 ló rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ wò ó dáadáa: ẹnu ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé ibẹ̀ ni ètò amọ̀nà iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé wa.

BÉBÀ TÓ Ń PỌ́N ÈÈYÀN LÉ

Ó ku ìdánwò ìwà. Ní 1948, Bertram Forer, tísà ní Amẹ́ríkà, fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní ìdánwò ìwà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà tó sọ irú èèyàn tó jẹ́, ó ní kí wọ́n fún un ní màákì láti òdo dé 5. Màákì tí wọ́n fún un lé ní 4. Wọ́n ní, họ́wù, tísà mọ inú àwọn! Ìgbà náà ni wọ́n tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo bébà, inú ìwé àwọn awòràwọ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ló sì ti ṣà á jọ.

Bí wọ́n bá sọ fún ọmọ yín pé "o ní ẹ̀bùn tó pọ̀ tí o kò tíì lò" tàbí "nígbà mìíràn o fẹ́ràn èrò, nígbà mìíràn o fẹ́ dá wà," ta ni kò rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo èèyàn mu kò sọ nǹkan kan nípa ẹnì kankan.

Èyí tó lókìkí jù lágbàáyé ni ti Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Isabel Briggs Myers, tí wọ́n ti inú ìwé dókítà Carl Jung mú èrò wọn. Ó pín gbogbo ọmọ aráyé sí ìsọ̀rí 16. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ẹni tó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló bọ́ sí ìsọ̀rí mìíràn. Òṣùwọ̀n tó bá wọn gàrí yín ní kóńgò mẹ́fà láàárọ̀, tó wọn ọ́n ní mẹ́rin lọ́sàn-án, ṣé ẹ ó máa fi tajà? Àwọn tó ni ìdánwò náà gan-an ń kìlọ̀ pé kí ilé iṣẹ́ má fi yan òṣìṣẹ́. Ẹ lè fi bá ọmọ tàkúrọ̀sọ. Kí ẹ má fi san owó ilé ìwé.

ẸNU IṢẸ́ NI ÌDÁNWÒ GIDI

Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń mọ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí èèyàn ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lójú ẹni wà lára èyí tó ń sọ òótọ́ jù lọ. Wíwo bí ó ṣe ń kọ lẹ́tà gbọọrọ tàbí wínníwínní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan. Ní 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe. Wọ́n ní àwọn iye kan ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ìdánwò tó bá súnmọ́ iṣẹ́ gan-an ṣì wà lókè, ti ìwà sì wà nísàlẹ̀ wọn.

Ohun tí àwọn ọ̀gá wa ti mọ̀ tipẹ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pé ọmọ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ kò lè ran bùbá lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n láàrin oṣù kan tàbí méjì, ọ̀gá tó lójú inú yóò ti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ń wọ̀ ọ́ lára. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, tí ọ̀gá náà jẹ́ olóòótọ́. Bí oṣù méjì bá pé, ohun tí wọn yóò bá ara wọn sọ lè rí báyìí:

"Ìyá Alátà, ẹ kú ọjà o. Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín yìí, ọmọ dáadáa ni. Kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í yájú. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti ta báyìí, ẹ̀rù a bà á, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa gbọ̀n."

"Háà, Ọ̀gá! Ṣé ẹ fẹ́ lé e ni?"

"Rárá o, ìyá. Èmi ò lé e. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé òun ló ń kọ iye irin tí a rà àti iye tó kù, kì í ṣì í rárá. Mo ní kí ẹ tètè gbọ́ ni, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́ta."

Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ti ṣe ìdánwò fún ọmọ náà, ó sì ti ka èsì rẹ̀. Ọmọ náà lè di ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ irin, kó di ẹni tó ń ta á, kó sì máa gba iṣẹ́ fún àwọn wẹ́dà ọgọ́rùn-ún. Oṣù méjì péré ló lò. Kò pàdánù ọdún mẹ́ta.

Ẹ YẸ OJÚ ỌMỌ WÒ

Ìdánwò kan wà tí kò gba àríyànjiyàn, tí ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ rárá. Àwọn ọmọ kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere ṣùgbọ́n tí wọn kò lè mọ àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn, kò sì sí oògùn rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá lọ kọ́ iṣẹ́ iná, wáyà tí kò yẹ kó so pọ̀ ni yóò so pọ̀. Bó bá lọ sídìí aró tàbí òwú aṣọ òkè, oníbàárà yóò máa pariwo lé e lórí, wọ́n á ní kì í fọkàn síṣẹ́.

Dókítà ará Japan kan, Shinobu Ishihara, ló ṣe ìdánwò rẹ̀ ní 1917: àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ mèremère tí nọ́ńbà fara pamọ́ sínú rẹ̀. Fún ẹni tí kò mọ nọ́ńbà, ojú ọ̀nà wíwọ́ kan ló wà níbẹ̀ tí yóò fi ìka tọ̀. Dókítà ojú ní ìwé náà, kì í sì í pẹ́ rárá. Kí ẹ tó fi ọmọ sí iṣẹ́ tó ní àwọ̀ nínú, ẹ mú un lọ.

OHUN TÍ ÒBÍ LÈ ṢE

Òbí tí kò mọ̀wé lè ṣe gbogbo èyí. Ẹ ṣọ́ ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀bùn máa ń yọjú. Nígbà ìsinmi, ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, kó lo ọ̀sẹ̀ kan níbì kọ̀ọ̀kan. Kó bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé: kí ló burú jù nínú iṣẹ́ yìí? Báwo ni nǹkan ṣe ń rí nígbà tí ọjà bá dákẹ́? Tí ẹ bá tún ayé wá, ṣé ẹ ó tún un ṣe?

Bí ilé ìwé bá ní ìdánwò, ẹ jẹ́ kó ṣe é, kó jẹun kó tó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn. Ẹ béèrè ẹni tó ṣe ìdánwò náà, àti bóyá wọ́n ti lò ó fún ọmọ Nàìjíríà rí. Ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé èsì rẹ̀ fún yín. Olùdámọ̀ràn gidi yóò dárúkọ iṣẹ́ bíi mélòó kan, yóò sì bi ọmọ léèrè èrò tirẹ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, tó ní bí ẹ kò bá san owó kejì òun kò ní sọ ìyókù, ẹ gbé báàgì yín kí ẹ máa lọ.

Bó bá dọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ bá a sọ ọ́ kó yéra yín: ẹ jẹ́ kí oṣù méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyẹ̀wò, kí owó ìkọ́ṣẹ́ tó pọ̀ dúró de ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú, torí pé ọmọ iṣẹ́ tí kò fẹ́ iṣẹ́ a máa ba irinṣẹ́ jẹ́, a sì máa lé oníbàárà.

Igi gangan-ràn-gan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bébà ìdánwò lè bá yín wò ó láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ bá di irinṣẹ́ mú, tí oòrùn sì ń pa á, tí oníbàárà ń pariwo, tí kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀, èsì ìdánwò ti jáde nìyẹn. Ẹ lè wá ná owó èsúsú yín.